Màmá Oníbébà àti Kọ́bọ̀ Olójú

Ojú ọjọ́ ò dán rárá ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ nílé Bàbá Sùlé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ti dá, ṣùgbọ́n sánmà ò gbà pé ó ti tó. Ó ṣú síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò tíì mọ ẹni tó máa bínú sí. Gọ́tà iwájú ilé wa ní Bàrígà kún dẹ́nu, omi ń gbé ọ̀rá àti ìdérí ìgò kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìró tuntun tó ká sókè kí ẹrẹ̀ má bàa tà sí i, ó gbójú sókè, ó wo ibẹ̀ títí.

Ó ní, "Oòrùn wà ńbẹ̀. Ó kàn ń ṣe bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni."

Mo máa padà sí ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni, àwọn tó ń wá kí wa sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni pé áńgẹ́lì ló kú. Màmá kì í ṣe áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì ò lè tọ́ ọbẹ̀ mi wò kó yímú bó ṣe máa ń yímú. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Èmi náà ti di ìyá àgbà, ọmọ ọmọ mi ti ń bá mi jà nítorí rìmóòtù, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, "ọmọdébìnrin yìí" ló ń pè mí. Tí mo bá ní, "Màmá, orúnkún ń dùn mí," á wò mí tìyanu-tìyanu, á ní, "Orúnkún wo? Ìgbà wo lo ra orúnkún?"

Bébà ló ń tà. Kì í ṣe bébà tuntun o. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú máa ń gé etí ìwé dànù, ẹ̀rọ sì máa ń ba òmíràn jẹ́. Àwọn ni Màmá ń rà. Á jókòó sórí àpótí, á máa ṣà wọ́n: èyí tó nípọn lápá kan, èyí tó fẹ́lẹ́ lápá kan, á dì wọ́n ní dìdì fún àwọn ẹlẹ́pà àti àwọn alákàrà. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí irú bébà tí kò mọ̀ tó bá ti fi àtàǹpàkò rà á lára. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Oníbébà. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé ilé ìtẹ̀wé ló ní, kò sì fìgbà kan sọ fún wọn pé irọ́ ni.

Ohun kan wà tí kì í tà. Tí wọ́n bá tẹ ìwé ìkéde òkú tó bàjẹ́, tí fọ́tò olóògbé wà lára ẹ̀, Màmá ò ní tà á fún ẹni tó ń di oúnjẹ. Á kó o sọ́tọ̀, á sun ún lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí ló dé, owó ṣáà ni.

Ó ní, "Ẹni tó ti jẹun tiẹ̀ tán láyé, mi ò ní fojú ẹ̀ di àkàrà ẹlòmíràn."

Nígbà tí wọ́n tẹ tiẹ̀ náà, àwọn ọmọkùnrin ilé ìtẹ̀wé ba díẹ̀ jẹ́, irun orí ẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Mo kó gbogbo rẹ̀ wálé, mo sun ún. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo mọ ẹni tí mò ń bá ṣe.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kọ́bọ̀.

Kọ́bọ̀ ayé òyìnbó ni, irú èyí tó lu láàárín, tí àwọn àgbà ń fokùn sín. Okùn dúdú kan ló wà lára tirẹ̀, ó máa ń so ó mọ́ etí ìró. Ẹ̀yìn ẹ̀ ní ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, bí ti gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ẹ̀ ti pá, ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ ti jẹ tán, ohun tó kù níbẹ̀ ni àmì tí ẹnì kan ti fi irin lù sí i. Ìlà kéékèèké mẹ́ta dùbúlẹ̀ lápá kan ihò, mẹ́ta dùbúlẹ̀ lápá kejì. Ọ̀kan tún dá wà, ó ti etí ihò náà bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí apá ọ̀tún ẹni tó bá ń wò ó.

Ìyá Màmá ló fún un nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dùbúlẹ̀ ní Ṣakí, tí Màmá ṣì kéré. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú ẹ nìyí. Má sọ ọ́ nù." Ó ní òun á sọ ìyókù fún un tí ara òun bá yá. Ara ò yá.

Màmá wá ro ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ó wo ihò tó wà láàárín. Abẹ́rẹ́ ní ojú, kọ́bọ̀ náà ní ojú, ó tán. Ìyá òun fún òun ní ojú tí òun á máa fi wo ayé ni. Ìlà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, irun ìpéǹpéjú ni. Èyí tó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Omijé ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé ta ló wá ń sunkún.

"Kọ́bọ̀ ni," ló wí. "Ìwọ náà wo iye ọwọ́ tó ti kọjá."

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń sọ ohun tí kò dá a lójú, Màmá á tú etí ìró, á yọ kọ́bọ̀, á fi ihò ẹ̀ sójú, á di ojú kejì, á máa wo onítọ̀hún láìsọ̀rọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dẹ́rù bani. Mo ti rí oníbàárà tó ń ná bébà tó kàn sanwó tó sì lọ. Nígbà tí mo mú ọkọ mi wá hàn án, ó wọ kóòtù, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ léraléra. Màmá yọ kọ́bọ̀. Ó fi wò ó látorí dé bàtà. Òógùn bo ọmọkùnrin náà. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo bínú, mo ní kí lẹ tiẹ̀ ń wò.

Ó ní, "Gbogbo ọkọ ló ń tóbi lójú ẹni tó fẹ́ ẹ. Mo ní kí n bá ọ wo bó ṣe máa rí tó bá kéré."

Kò sẹ́ni tó gbà pẹ̀lú ẹ̀ pé irun ìpéǹpéjú ni àmì wọ̀nyẹn. Gbogbo àdúgbò ló ní tiẹ̀. Atẹ̀wé kan tó kọjú sí wa gbà á, ó gbé e síwájú dígí, nítorí pé lẹ́tà tó bá kọ ẹ̀yìn síni ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ó ní E ni ìlà mẹ́ta yẹn, ihò ni O, E tún ni èyí tó kù: orúkọ ẹnì kan ni wọ́n gé kúrú. Màmá gba kọ́bọ̀ ẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ̀yin atẹ̀wé yìí, tí eṣinṣin bá kú sórí bébà, ẹ ó ní lẹ́tà ni."

Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú wò ó pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ó jọ "sín", lẹ́tà tó léyín mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì.

"Sín, sín?" ni Màmá wí. "Ṣé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe kọ́bọ̀ mi ni, Ààfáà?"

Ààfáà fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣubú. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa rí ìràwọ̀ ẹ̀yìn kọ́bọ̀, ó ní ti Ọba Dáfídì ni. Màmá ní kó bá òun kí Dáfídì, kó ní òun ò ní ṣéńjì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dá sí i. Bàbá Sùlé ni.

Bàbá Sùlé ni àbúrò Màmá, bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ó ń gbé lápá Onípanu, káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Sunday-Sunday ló máa ń wá kí Màmá, wọn ò sì ní ṣe é láìjà: lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí ẹni tó sùn lórí ẹní nílé bàbá wọn, lórí orúkọ ewúrẹ́ kan tó ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ilà ilé wọn kún ojú Bàbá Sùlé. Ó kún ojú gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, kí wọ́n tó kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá nìkan ni ojú ẹ̀ dán. Tí Bàbá Sùlé bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Àwo!"

Màmá á ní, "Káàárọ̀, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Pápá tí wọ́n fi ọkọ́ ro."

Bàbá Sùlé ní ìtàn kan tí kì í rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí bàbá wọn tó kú, ó sọ pé, "Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ mi tí ilà ẹ̀ ò ṣẹ̀jẹ̀." Òun ni bàbá ń sọ. Olóòlà fi abẹ tó òun lójú, òun ò sunkún, ẹ̀jẹ̀ ò sì kán. Akọni ni òun láti kékeré.

Màmá á ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni ò sí lára ẹ. Ẹ̀fọn pàápàá mọ̀."

A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín yẹn. Àwọn ìyàwó bàbá Màmá ti sọ ọ́ sí i létí láti kékeré pé oyún ìta ni ìyá ẹ̀ fi bí i, pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọlà fún un. Mo bá a níwájú dígí nígbà kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun.

Ó ní, "Wọ́n gbàgbé mi ni, àbí wọn ò kà mí mọ́ wọn?"

Ta ló máa dáhùn? Gbogbo ẹni tó mọ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kúnlé, ọmọ ọmọ Bàbá Sùlé, ni ìyàwó ẹ̀ bímọ obìnrin. Nílé wọn, àgbà ilé ló máa ń kọ́kọ́ sọ orúkọ ọmọ sí i létí kí ẹnikẹ́ni tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣe é ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ó kan Màmá. Kúnlé wá sí Bàrígà fúnra ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọmọ wa lórúkọ." Màmá ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ra ìró. Ó ní kí n bá òun di irun, irun tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ.

A dé Onípanu, wọ́n ti fi tapólì bo iwájú ilé nítorí òjò. Wọ́n gbé ọmọ jáde, Kúnlé gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ni Bàbá Sùlé bá nà sókè lórí àga.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ilà ilé wa ló máa ń sọ ọmọ ilé wa lórúkọ. Ta ló rí ilà lójú wọn? Ẹ má jẹ́ ká ṣi orúkọ gbé fún ọmọ."

Bóyá ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kúnlé ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀." Bàbá Sùlé ò wo apá ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo wo Màmá.

Ó gbé ọmọ fún mi. Ó tú etí ìró. Mo rò pé ó fẹ́ fi kọ́bọ̀ wo Bàbá Sùlé bó ṣe máa ń ṣe ni, ṣùgbọ́n kò gbé e sójú. Ó rìn lọ bá a, ó fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, Bàbá Sùlé ò fọwọ́ kàn án rí, ó máa ń ní òun ò gba owó tí wọn ò ná mọ́.

Màmá ní, "Gbà. Mo ti fi wo gbogbo ayé. Ìwọ náà fi wò mí, Sùlé. Bóyá wàá rí ọmọ bàbá ẹ."

Bàbá Sùlé fẹ́ fèsì. Ó ti ṣí ẹnu. Ó gbé kọ́bọ̀ náà sókè, ó fẹ́ fi ihò sójú, ó wá dúró. Ó mú un jìnnà díẹ̀. Ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ kàn lọ sójú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń darí ẹ̀. Ó fi tọ àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìlà kan, ìlà kejì, ìlà kẹta. Ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ìka yẹn gun ẹ̀gbẹ́ imú, ó tọ ìbàmú sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún yín ní nǹkan yìí?"

"Ìyá mi. Ó ní ojú mi ni."

"Kì í ṣe ojú tí ẹ fi ń woni!" Bàbá Sùlé ti dìde. "Ojú yín ni! Ojú! Ihò yìí ni imú. Àbàjà nìyí, àbàjà nìyí, ìbàmú ilé wa nìyí. Ilà yín ni bàbá ní kí alágbẹ̀dẹ lù sí i!"

Kúnlé sún àga fún Màmá.

Bàbá Sùlé ò lè dúró mọ́, ọ̀rọ̀ ń tì í. Ó ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìyá Màmá ti bí ọkùnrin kan ṣáájú Màmá. Olóòlà kọlà fún un, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọmọ náà sì kú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ sí Màmá àti ìyá ẹ̀ létí. "Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn yín ni. Ó kọ ọ́ sára kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ ò..." Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ha. 'Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ mi tí ilà ẹ̀ ò ṣẹ̀jẹ̀.'"

Gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó Kúnlé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò lè dá a dúró.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń yangàn," ni Bàbá Sùlé wí. "Ẹ̀yin ni bàbá ń sọ!"

Màmá ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ẹkún pa Màmá lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ṣé o wá sunkún àbí o ò sunkún, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ tìẹ?"

Bàbá Sùlé wolẹ̀. "Mo bu olóòlà jẹ."

Tapólì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Àgbàlagbà náà wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, Ẹ̀gbọ́n mi." Màmá tẹnu bọ ọmọ létí, ó sọ ohun tó sọ. Nígbà tó gbé orí, ó ní orúkọ ọmọ ni Ojúọlápé.

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá la wà, à ń padà sílé. Mo ní, "Màmá, ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe pẹ̀lú gbogbo ọkọ tẹ́ ẹ ti fi imú wò." Ó gbá mi létí, gbígbá tí kò dun ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Imú náà dára. Imú ló ń gbóòórùn ìjẹkújẹ."

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ọjà dé, mi ò bá a nílé. Bébà wà nílẹ̀ láìṣà. Ìgò tìróò mi ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, tìróò ti kán sí ara dígí. Mo mú ìgò náà, mo dé e, mo sáré jáde. Àwọn atẹ̀wé ní àwọn rí i tó kọjá, pé ó wọ aṣọ àná, pé ó ń kí gbogbo ènìyàn, àti àwọn tí kò mọ̀.

Onípanu ni mo bá a, lójúde Bàbá Sùlé. Ó ti fi tìróò kọ ilà sójú ara ẹ̀. Àbàjà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó wọ́ díẹ̀, ọwọ́ àgbà. Ó ti wo kọ́bọ̀, ó ti wo dígí, ó sì ti kọ ìbàmú sódì, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, nígbà tó jẹ́ pé òsì ni ti ilé wọn. Ó na ojú sí àbúrò ẹ̀.

"Sùlé, wò ó. Ṣé ó gún?"

Bàbá Sùlé wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi itọ́ rin ín, ó nu ìbàmú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi kí n gbé tìróò wá, ó fi ìka di àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ má mira," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún un lápá òsì, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀.